Ìpè Tí Wọ́n Dá Dúró Lẹ́nu Géètì

Ọ̀sán Sátidé ni ìròyìn ikú Alhaji Àkànmú tó dé etí Hamidah ọmọ rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni wọ́n ti sin ín.

Ẹnu géètì ìpàgọ́ àdúrà ló wà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, téèyàn bá ti kọjá Ojóò, níbi tí Bàbá Ayẹni tó ń ṣọ́ géètì ti ń dá fóònù padà fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ aládùúrà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ti fi gbààwẹ̀ níbẹ̀. Òfin ìpàgọ́ náà ni pé ẹnikẹ́ni tó bá wọlé yóò ti fóònù rẹ̀ pa, yóò fi sínú ọ̀rá dúdú, yóò kọ orúkọ sí i, kò sì ní fojú kàn án mọ́ títí àdúrà yóò fi parí. Ètè Hamidah ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ fúyẹ́, inú rẹ̀ sì mọ́ bí àgbàlá tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹ̀kọ́ gbígbóná ló ń rò lọ́kàn. Ó tan fóònù.

Fóònù náà gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin.

"Hamidah, Jẹ́ríkò la wà pẹ̀lú Alhaji, ní ọsibítù. Wọ́n ní ká pè ọ́. Máa bọ̀ kíá." Suraju, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ló kọ ọ́ ránṣẹ́, ní aago méje àárọ̀ Jímọ̀.

"Mo ti pe nọ́ńbà géètì tó o fi sílẹ̀. Ẹni tó gbé e ní àwọn máa sọ fún ọ. Ibo lo dé? Wọ́n tún ti bèèrè rẹ." Aago mẹ́sàn-án.

"Ìnnà lílláhì. Alhaji ti lọ. Lẹ́yìn ìrun alásàárì la máa sin wọ́n nílé. Mo tún ti pe géètì." Aago méjìlá kọjá díẹ̀.

Ìkẹrin wọlé ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ yẹn kan náà. Kò gùn. "A ti sin wọ́n. O ṣeun o."

Hamidah ka èyí tó kẹ́yìn lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sunkún. Ooru ló kọ́kọ́ mú un, ooru tó bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń gòkè bọ̀, bí ìgbà téèyàn bá fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí ọ̀dà nínú oṣù Ẹrẹ́nà.

"Bàbá Ayẹni," ó ní, "ta ló gbé fóònù géètì láàárọ̀ àná?"

Bàbá arúgbó náà wolẹ̀. "Èmi ni, ọmọ mi."

"Kí ni wọ́n sọ fún yín?"

"Wọ́n ní bàbá rẹ ń pè ọ́. Mo sáré lọ bá Màmá Tẹjúmọ́lá, olórí ẹgbẹ́ yín, nínú gbọ̀ngàn. Màmá ní kí n fi sílẹ̀ ná. Wọ́n tún pè, mo tún lọ. Nígbà tí wọ́n wá pè lẹ́ẹ̀kẹta..." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo tún lọ, Hamidah. Ọlọ́run gbọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo rin ọ̀nà yẹn."

"Kí ni Màmá wí lẹ́ẹ̀kẹta?"

"Wọ́n ní òkú kì í sá. Wọ́n ní ká jẹ́ kó o parí ààwẹ̀ rẹ."

Ẹni tí kò bá mọ ohun tí Hamidah wá tọrọ ní ìpàgọ́ yẹn lè rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀ lásán nìyí. Ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni Hamidah ṣèrìbọmi ní ìjọ kékeré kan ní Àgbowó. Alhaji Àkànmú tó bí i, pákó ló ń tà ní Bódìjà. Ó ti lọ Mẹ́kà lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo àdúgbò rẹ̀ ní Challenge ló sì mọ̀ ọ́n sí ẹni tí kì í yẹ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Nígbà tó gbọ́, kò na ọmọ rẹ̀, kò bú u. Ó kàn dìde lórí ẹní ìrun, ó ká ẹní náà, ó sì ní, "Má wá sílé mi mọ́ títí màá fi ránṣẹ́ pè ọ́." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Iléyá mẹ́rin ni Hamidah ti gbé ẹ̀bùn dé ẹnu ọ̀nà láti ìgbà náà, ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin ni Àǹtí Ràfátù, àbúrò bàbá rẹ̀, sì jáde wá gbà á, tó ń mi orí.

"Wọn ò tíì ránṣẹ́, ọmọ mi," ni Àǹtí máa ń wí. "Ẹ̀gbọ́n mi yẹn! Tí wọ́n bá ti la ẹnu báyìí, bí ẹni da kọnkéré ni. Ó ti gan nìyẹn."

Nítorí náà, ẹyọ nǹkan kan ni Hamidah ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ọdún mẹ́rin: kí bàbá òun ránṣẹ́ pe òun. Ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń di ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níwájú géètì Yunifásítì, ó lè gbé ọwọ́ lé ẹ̀rọ kó gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́, kó máa wo ògiri, kó máa gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú ọkàn: "Hamidah, máa bọ̀ nílé." Oníbàárà á ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti sùn ni?" Gbogbo ẹgbẹ́ aládùúrà ló mọ̀ nípa ẹ̀bẹ̀ yìí. Màmá Tẹjúmọ́lá fúnra wọn, tí wọ́n jẹ́ olórí ẹgbẹ́, ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ ọ́ sínú ìwé ní Ọjọ́bọ̀ tí wọ́n wọ ìpàgọ́, tí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ láàárín ìwé àwọn yòókù.

Èyí gan-an ló mú kí ọ̀rọ̀ náà burú. Ẹni ọ̀tọ̀ kọ́ ni Màmá Tẹjúmọ́lá. Nígbà tí Hamidah kúrò nílé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú àpò kan, ilé Màmá ló sùn sí fún ọdún méjì. Màmá ló kọ́ ọ ní orin, Màmá ló kọ́ ọ bí a ṣe ń ka Ìwé Mímọ́. Nígbà ìrìbọmi, Màmá ní kó mú orúkọ tuntun, Hamidah ní bàbá òun ló sọ òun lórúkọ, òun ò ní pààrọ̀ rẹ̀, Màmá sì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó dáa. Ọlọ́run gbọ́ gbogbo èdè."

Bó ti dúró pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ ni Màmá yọ láti gbọ̀ngàn, wọ́n gbé fúláàsì ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ kan, ife lọ́wọ́ kejì.

"Hamidah mi, o ò tíì jẹun. Wá mu ẹ̀kọ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ ní jẹ́jẹ́."

Hamidah wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tí ọmọ lè sọ sí àgbà. Ó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó yí padà, ó jáde ní géètì.

"Hamidah! Hamidah, dúró, jẹ́ kí n ṣàlàyé!"

Kò wẹ̀yìn.

*

Ní Ojóò, ó wọ ọkọ̀ Máíkírà tó ń lọ sí Challenge, ó jókòó sẹ́yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọn ò tíì kọjá géètì Yunifásítì tí ẹnu rẹ̀ fi là fúnra rẹ̀.

"O gbọ́," ó ní. "O gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Ọdún mẹ́rin! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dojú bolẹ̀ níwájú Rẹ, tí ebi ń pa mí, tí òùngbẹ ń gbẹ mí. O mú kó ránṣẹ́. O mú kí ọkàn ọkùnrin líle yẹn rọ̀. Kí ló dé tí O ò mú kí n gbọ́? Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹni tó lè mú òkúta rọ̀ kò lè mú kí obìnrin kan rìn wá bá mi nínú gbọ̀ngàn? Dá mi lóhùn!"

Obìnrin tó jókòó tì í gbé àpò rẹ̀ mọ́ àyà. Dírẹ́bà wo dígí.

"Àǹtí, ẹ rọra o. Ta lẹ ń bá jà lórí fóònù báyẹn?"

"Kì í ṣe fóònù."

"Ta wá ni?"

"Ọlọ́run."

 Nígbà tí wọ́n kọjá Sángo, dírẹ́bà ní, "Ẹ bá mi kí I o. Ẹ sọ fún Un pé epo ti wọ́n."

Ọkùnrin tó wà níwájú bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin tó jókòó ti Hamidah kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó tẹ orí súnmọ́ ọn. "Kí ló ṣe yín, ọmọ ìyá?"

"Bàbá mi kú. Wọ́n ti sin ín kí n tó mọ̀."

 Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín gbé ojú sí fèrèsé. Dírẹ́bà tún wo dígí, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀.

"Ẹ má bínú o, àǹtí. Ọlọ́run á fọ̀run kẹ́ wọn. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Ẹ sọ ọ́ fún Un dáadáa."

Hamidah sì bá a lọ. Láti Mọ́kọ́lá dé Dùgbẹ̀, láti Dùgbẹ̀ títí wọ́n fi gba Ring Road, kò sinmi. Nínú ẹgbẹ́ aládùúrà, ètò wà fún gbogbo nǹkan: ọpẹ́ ló ń ṣáájú, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ á tẹ̀lé e, kí ẹ̀bẹ̀ tó dé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìdí, Màmá á ní kó padà lọ sí orí. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ọpẹ́ kankan lẹ́nu Hamidah, kò sì jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ìbínú nìkan ló gbé wá. Síbẹ̀, ohun kan yà á lẹ́nu nígbà tí ọkọ̀ dúró ní iná ojú pópó: láti ọdún mẹ́rin tó ti ń gbàdúrà, kò dá a lójú rí tó báyìí pé Ẹnìkan ń gbọ́. Èèyàn kì í bá àga òfìfo jà.

Ìyẹn pàápàá tún bí i nínú. Bó bá ṣe pé kò sí ẹni tó gbọ́ ni, ì bá ti rọrùn.

*

Suraju jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ tápólì tí wọ́n ta níwájú ilé, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Àwọn àlejò ti ń dínkù. Nígbà tó rí àbúrò rẹ̀, kò dìde.

"Ẹ gbà á o," ó ní. "Olórí aládùúrà ti dé. Ẹ tẹ́ ẹní fún un."

"Bọ̀dá Suraju, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè. Alhaji tó ti dákẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ láti ọdún mẹ́rin la ẹnu, orúkọ rẹ ló jáde. Kì í ṣe èmi tí mo ń gbé wọn lọ gbé wọn bọ̀ o, ìwọ ni. Mo gbé fóònù sí wọn létí kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ. Ohùn bàbá kan ni wọ́n gbọ́. Ó ní, 'Ẹ mú sùúrù, inú àdúrà ni wọ́n wà.' Inú àdúrà! Àwọn tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ lókè ọ̀run lọ́hùn-ún, wọn ò lè gbé fóònù nílẹ̀ níbí!"

 Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, Hamidah gan-an ì bá sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

"Suraju, ó tó," ni Àǹtí Ràfátù wí láti ẹnu ọ̀nà. "Ẹyin lohùn o. Ọmọ bàbá rẹ ni." Wọ́n na ọwọ́ sí Hamidah. "Wá, ọmọ mi. Wá wò wọ́n."

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin Alhaji sí, lẹ́bàá igi máńgòrò. Ilẹ̀ náà pọ́n, ó ṣì tutù, ipa ọwọ́ ṣọ́bìrì ṣì wà lára rẹ̀. Hamidah dúró níbẹ̀ bí ẹni tó dé ìdíkọ̀ nígbà tí ọkọ̀ ti gbéra.

"Ṣé wọ́n bínú sí mi, Àǹtí? Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé n kò wá?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Ẹ̀rín kẹ̀?"

"Mo fi Ọlọ́run búra fún ọ. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé inú àdúrà lo wà, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, 'Òun náà nìyẹn. Nínú gbogbo ọmọ mi, òun nìkan ni mi ò kan ilẹ̀kùn fún rí láfẹ̀mọ́júmọ́. Bí mo bá ti dé yàrá rẹ̀, orí ẹní ìrun ni màá ti bá a.' Wọ́n wá ní tó o bá dé, kó o jókòó ti àwọn, kó o bá àwọn bẹ Ọlọ́run. Mo ní, 'Alhaji, ẹ mọ̀ pé ti ìjọ ló máa ṣe o.' Wọ́n ní, 'Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ.' Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n sùn. Wọn ò jí mọ́."

Ibẹ̀ ni ẹkún ti dé. Hamidah kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù náà, ó sunkún títí ọ̀fun rẹ̀ fi ń dùn ún. Bàbá rẹ̀ ti ránṣẹ́ pè é wá gbàdúrà, àwọn tó ń gbàdúrà ni kò sì jẹ́ kó wá. Ó gbìyànjú láti ṣe é báyìí, lẹ́yìn ìsìnkú, kó bá bàbá rẹ̀ bẹ Ọlọ́run bó ṣe mọ̀ ọ́n sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ju, "O rí i? O rí i?" Ó ń sọ ọ́ ṣáá. Àǹtí Ràfátù dúró tì í, wọ́n ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn.

Nírọ̀lẹ́, Suraju wá bá a ní ìdí máńgòrò. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Yàrá rẹ ṣì wà bó ṣe wà. Padà sílé, Hamidah. Àwọn àáfà ń bọ̀ lọ́la. Sọ ṣàhádà níwájú wọn, kí ọ̀rọ̀ tán. O ti rí ohun tí àwọn tó o tẹ̀ lé ṣe fún ọ."

"Mo rí i."

"Kí lo wá ń dúró dè?"

"Àwọn ló ṣẹ̀ mí, Bọ̀dá. Bóyá Òun náà ṣẹ̀ mí, mi ò tíì mọ̀. Ṣùgbọ́n Jésù ni mo ń bá sọ ọ́ láti àárọ̀, àwa méjèèjì ò sì tíì sọ ọ́ tán. Mi ò lè dìde kúrò níbẹ̀ láàárín ọ̀rọ̀."

Suraju pòṣé. "Orí kunkun. Ọmọ Alhaji paraku." Ó yí padà lọ sínú ilé, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá fún un.

*

Hamidah kò lọ sí ìsìn lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ajé, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Àgbowó, ó gba ẹ̀yìn ilé ìjọ, ó kan ilẹ̀kùn yàrá Màmá Tẹjúmọ́lá.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kúnlẹ̀ kó tó rántí pé inú ń bí òun. "Ẹ káàárọ̀, mà."

"O kú ará fẹ́ra kù, ọmọ mi." Màmá ti wú lójú. Ó hàn pé wọn ò sùn. "Dìde. Jókòó."

"Mo fẹ́ dúró, mà. Kí ló dé tẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀?"

Màmá fi ọwọ́ méjèèjì lé itan. "Ọjọ́ kejì ni, Hamidah. Ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń kó èèyàn lọ sí ìpàgọ́, ọjọ́ kejì ni ìpè máa ń dé. Ọmọ ẹnìkan á ní ibà. Ọkọ ẹlòmíì á ní kí ìyàwó òun máa bọ̀. Ẹni tó bá ti jáde, àdúrà rẹ̀ á dà nù. A máa ń kọ́ yín pé ọ̀tá ló ń pe èèyàn ní ọjọ́ kejì."

"Ọ̀tá ló ń jẹ́ Àkànmú?"

"Mi ò wí bẹ́ẹ̀."

"Ìwé tẹ́ ẹ fi ọwọ́ yín kọ ńkọ́, èyí tẹ́ ẹ gbé sórí pẹpẹ? Kí lẹ kọ sí i?"

Màmá yí ojú sí ògiri.

"Ẹ kà á fún mi, mà. Kí lẹ kọ?"

"Pé kí bàbá rẹ ránṣẹ́ pè ọ́."

"Ó ránṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta!"

"Hamidah, mo rò pé àìsàn lásán ni. Nígbà tí Bàbá Ayẹni wá ní ó ti kú, ẹ̀rù bà mí, mo ní ẹkún kò ní jí i mọ́, jẹ́ kí ọmọ yìí parí ààwẹ̀ rẹ̀, lọ́la màá tẹ̀ lé e lọ fúnra mi, màá dúró tì í títí wọ́n á fi dá ọjọ́ ìsìnkú." Màmá na ìka márùn-ún. "Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni bàbá tèmi lò ní mọ́ṣúárì ká tó sin ín. Ti ọkọ mi lé ní oṣù kan. Mo rò pé wọ́n á dúró dè ọ́."

Òru méjì gbáko ni Hamidah ti fi rò pé ìwà ìkà kan wà níbẹ̀, pé Màmá kórìíra bàbá rẹ̀ nítorí ìrun tó ń kí. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju àìmọ̀ lọ. Ìyẹn ò sì mú ìbínú rẹ̀ rọ̀, ńṣe ló dá kún un.

"Mùsùlùmí ni wọ́n, Màmá! Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tẹ́ ẹ ti wà ní Ìbàdàn. Mùsùlùmí ló wà lọ́tùn-ún yín, Mùsùlùmí ló wà lósì. Tí wọ́n bá kú láàárọ̀, ojú yín ni wọ́n ṣe ń gbé wọn jáde kí oòrùn tó wọ̀. Ọdún méjì ni mo fi gbé nínú ilé yín. Ẹ ò bi mí rí bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé wa. Ẹ̀ ń bá mi gbàdúrà fún bàbá mi, ẹ ò sì fẹ́ mọ nǹkan kan nípa rẹ̀!"

"Òótọ́ lo sọ."

"Mo wà níbẹ̀! Kò tó ìṣísẹ̀ ogún láàárín èmi àti ẹ̀yin. Mò ń ké pe Ọlọ́run pé kó dá mi lóhùn. Ìdáhùn náà dúró lẹ́nu géètì, ẹ ní kó dúró níbẹ̀, ẹ wá padà wá bá mi, ẹ gbé ọwọ́ lé mi lórí, ẹ ní kí n gbóhùn sókè sí i!"

Kò pariwo mọ́ àgbà rí láyé rẹ̀. Ẹnìkan tó ń gbá ilẹ̀ ilé ìjọ dá ọwọ́ ìgbálẹ̀ dúró. Màmá Tẹjúmọ́lá bo ojú, èjìká wọn ń mì.

"Dárí jì mí. Mo ṣẹ̀ ọ́, mo sì ṣẹ Ọlọ́run. Mo ti sọ fún Un." Wọ́n gbé orí sókè. "Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, má tìtorí mi fi àdúrà sílẹ̀. Mo ti darúgbó. Mo ti fún ìjọ ní orúkọ rẹ, ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni màá fa ẹgbẹ́ lé ọ lọ́wọ́, o mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó o bá fi àdúrà sílẹ̀, Hamidah, a jẹ́ pé mo ti pa ọ́ mọ́ bàbá rẹ."

Hamidah rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó korò.

"Fi àdúrà sílẹ̀ kẹ̀? Màmá, mi ò tíì dákẹ́ láti Sátidé. Mo bá A jà láti Ojóò dé Challenge. Mo bá A jà lórí ilẹ̀ tí wọ́n sin bàbá mi sí. Láàárọ̀ yìí, mo jí, mo ní mi ò ní bá A sọ̀rọ̀. Mo fọ ẹnu, mo wọ aṣọ, mo rí i pé mo ti ń bá A sọ ọ́. Tí mo bá dákẹ́, ta ni màá sọ ọ́ fún? Suraju ò mọ ohun tí mo sọ fún Jésù nípa Alhaji fún ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin ò mọ Alhaji. Òun nìkan ló mọ àwa méjèèjì. Ọ̀dọ̀ Rẹ̀ nìkan ni èmi àti bàbá mi ti lè pàdé báyìí."

Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Nígbà náà, wá. Wá darí wọn. Wá kọ́ wọn báyẹn."

Hamidah jẹ́ kí wọ́n di ọwọ́ náà mú fún ìgbà díẹ̀. Ọwọ́ tó gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kò nílé ni. Ó rántí rẹ̀, ó sì dùn ún. Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

"Rárá, mà," ó ní. "Ẹ fún ìjọ ní orúkọ ẹlòmíì. Mi ò ní darí ẹgbẹ́ náà, mi ò sì ní bá yín lọ sí ìpàgọ́ mọ́. Mi ò tíì dárí jì yín. Mo ti sọ fún Ọlọ́run pé agbára mi ò tíì gbé e, mo sì ti ní kó ràn mí lọ́wọ́. Ọmọ Jésù ni mí, màá máa gbàdúrà títí màá fi kú. Ṣùgbọ́n tí mo bá wà lórí eékún tí èèyàn bá pè mí, màá dìde, màá lọ dá a lóhùn."